Jẹ́lé-ó-sinmi: Kí Ọkàn Ọmọ Náà Sì Sinmi



Orúkọ tí àwa Yorùbá fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ohun tí ènìyàn í fi ọkàn rò. A kò pè é ní ilé-ìwé kékeré, bẹ́ẹ̀ ni a kò pè é ní ilé ìmọ̀. Jẹ́lé-ó-sinmi ni a pè é. Bí a bá tú orúkọ náà wò, a ó rí i pé ilé ni ó ń wá ìsinmi fún, èyíinì ni ìyá tí ó ń lọ sí ọjà, bàbá tí ó ń lọ sí oko, àti ìyá àgbà tí ó fẹ́ rẹjú díẹ̀ ní ọ̀sán. A kò bá orúkọ náà jà, nítorí òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ó ku ẹnìkan tí orúkọ náà kò ṣọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun ni ọmọ tí a mú kúrò nílé kí ilé lè sinmi. Ta ni yóò mú kí ọkàn tirẹ̀ sinmi? Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé iṣẹ́ olùkọ́ ni, àti pé iṣẹ́ náà ni ó ṣáájú A, B, D.

I. Bí irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀

Ẹni tí ó bá wo ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ yóò rí i pé ọ̀nà méjì ni ó gbà wọ ayé. Ọ̀nà kìíní ni ti ìfẹ́ sí ọmọ fúnra rẹ̀. Friedrich Froebel, ará Jámánì, dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Blankenburg ní 1837. Ní 1840 ni ó fún un ní orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Ọgbà Àwọn Ọmọdé, nítorí ó gbà pé eré ni iṣẹ́ ọmọdé, àti pé bí olùtọ́jú ọgbà ti ń tọ́jú irúgbìn rẹ̀ ni kí olùkọ́ máa tọ́jú ọmọ.

Ọ̀nà kejì ni ti àìní àwọn òbí. Ní 1907, a fi àwọn ọmọ tálákà tí òbí wọn ń jáde lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ sí abẹ́ ìtọ́jú Maria Montessori ní àdúgbò San Lorenzo ní Róòmù. Ní 1914, Rachel àti Margaret McMillan, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn ní gbangba ìta ní Deptford, ní Lọ́ńdọ̀nù, fún àwọn ọmọ tí òṣì àti àìsàn ń bá fínra. Ẹ kíyèsí i pé àwọn obìnrin wọ̀nyí gba ọmọ nítorí àìní òbí, ṣùgbọ́n wọn kò fi iṣẹ́ wọn mọ sí kí a ṣáà máa ṣọ́ ọmọ títí ìyá rẹ̀ yóò fi dé. Wọ́n bèèrè ohun tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ nílò.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, Ìlànà Ìjọba lórí Ètò Ẹ̀kọ́ tí ó jáde ní 1977 sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ pèsè. Ìlànà tí a tún ṣe ní 2013 sì fi ọdún kan gbáko sílẹ̀ fún ọmọ ọdún márùn-ún, kí ó tó wọ kíláàsì kìíní. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn ọmọ olówó ní ìlú ńlá nìkan mọ́. Ó ti dé abúlé.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ìrẹsà ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú àgbẹ̀ ni, ní ẹ̀bá Ògbómọ̀ṣọ́. Ìrẹsà-Adú sì ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tí a ń pè ní Sùúrùlérè. Ní àkókò iṣẹ́ oko, kí oòrùn tó ràn, ọ̀pọ̀ òbí ti mú ọ̀nà oko ẹ̀gẹ́ àti ti àgbàdo pọ̀n. Ọmọ tí ó wà ní ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ní àná kò lè bá a lọ mọ́, nítorí ó ti tó ọmọ tí í lọ sí ilé-ìwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á fà á lọ́wọ́, á mú un dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, á sì sáré lọ sí kíláàsì tirẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.

II. Ẹkún ọmọ àti ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀

Nígbà tí ọmọ bá sunkún ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ni pé alágídí ni, tàbí pé wọ́n ti kẹ́ ẹ bàjẹ́. Àwọn tí wọ́n ti fi ara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí kò rí i bẹ́ẹ̀.

Ní 1954 àti 1955, obìnrin kan tí ń jẹ́ Mary Ainsworth gbé ní Ùgáńdà, ó sì ń bẹ ìdílé 26 wò ní àwọn abúlé tí ó wà nítòsí Kàmpálà. Kò bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè, nítorí wọn kò tíì lè sọ̀rọ̀. Ó jókòó, ó sì ń wò wọ́n. Ìwé tí ó kọ lórí iṣẹ́ náà jáde ní 1967. Ó rí i pé ọmọ tí ó mọ̀ pé ìyá òun wà níbẹ̀ fún òun kì í lẹ̀ mọ́ ìyá náà bí ọ̀dà. Ńṣe ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń rá lọ, tí ó ń fọwọ́ kan èyí, tí ó ń wo tọ̀hún, á bojú wẹ̀yìn wo ìyá rẹ̀, á sì tún máa lọ. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ni kò lè kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ìbàlẹ̀ ọkàn ni orísun ìgboyà, àti pé ìgboyà ni ọmọ fi ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹkún tí ọmọ ń sun ní ẹnu ọ̀nà jẹ́ èdè. Ó ń wí pé, Ẹni tí mo mọ̀ ń lọ, èmi kò sì tíì mọ ẹ̀yin.

Ṣùgbọ́n ẹkún kọ́ ni ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù jù. Ní 1952, James Robertson fi sinimá hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjì kan tí ó lo ọjọ́ mẹ́jọ ní ilé ìwòsàn láìsí ìyá rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, àfi ìgbà tí a bá jẹ́ kí ó wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ náà kì í pariwo. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò wí pé ara rẹ̀ ti mọlé. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ ń sọ ìbànújẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò sọ. Robertson kọ́ni pé ọmọ tí a yà nípa lọ́dọ̀ àwọn tirẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ a máa kọ́kọ́ sunkún kíkan. Lẹ́yìn náà á di ọmọ tí ó sọ̀rètí nù. Nígbẹ̀yìn á dákẹ́, á sì dà bí ẹni pé kò bìkítà mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa yọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́ yìí, wọn a ní ara rẹ̀ ti balẹ̀. Nígbà tí ó di 1959, ìgbìmọ̀ tí ìjọba ilẹ̀ náà yàn dámọ̀ràn pé kí a jẹ́ kí àwọn òbí máa wá wo ọmọ wọn ní ilé ìwòsàn nígbàkígbà.

A mọ̀ pé wákàtí díẹ̀ ní kíláàsì kì í ṣe ọjọ́ mẹ́jọ ní ilé ìwòsàn. Ọmọ tí ń padà sí ilé ní ọ̀sán kò sí nínú irú ewu bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún wa. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìsinmi. Bí a bá wọ kíláàsì tí ogójì ọmọ dákẹ́ rọ́rọ́, tí olùkọ́ mú pàṣán dání, ẹ má jẹ́ kí a yára yin olùkọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí a wo ojú àwọn ọmọ.

III. Ohun tí agbo ilé ń ṣe fún ọmọ

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè òkun nìkan ni a ti lè kọ́ ọgbọ́n yìí. Ní agbo ilé wa, ọmọ kì í ní ẹ̀yìn kan ṣoṣo. Bí ìyá bá lọ sí odò, ìyá àgbà á pọ̀n ọ́n. Bí ìyá àgbà bá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n á gbà á. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀yìn wọ̀nyí ni ọmọ mọ̀, gbogbo wọn ni ó sì mọ oríkì rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹ̀yìn ìyá àgbà àti àga olùkọ́ ni pé ọmọ kò mọ ẹni tí ó jókòó sórí àga náà. Nítorí náà, kì í ṣe pé ọmọ ń kọ ẹlòmíràn. Àjèjì ni ó ń kọ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni kí ó má jẹ́ àjèjì pẹ́.

Ògbómọ̀ṣọ́ ní àpẹẹrẹ kan tí ó yẹ kí a rántí. Ṣáájú ọdún 1930, nọ́ọ̀sì kan láti Amẹ́ríkà, Ruth Kersey, tí ó bá míṣọ́n Onítẹ̀bọmi wá, bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn ọmọ tí ìyá wọn kú sí ọwọ́ rẹ̀. Ilé tí ó ti inú iṣẹ́ náà jáde ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi hàn wá pé ọmọ tí ó pàdánù ẹni tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà láìní ẹni, àti pé wàrà nìkan kò tó láti tọ́ ọmọ.

IV. Ohun tí olùkọ́ lè ṣe

Ìkínní, kí olùkọ́ gba ọmọ ní ẹnu ọ̀nà. Kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi bá ti ọmọ dọ́gba, kí ó kí i, kí ó sì pe orúkọ rẹ̀. Bí ó bá lè bi ìyá rẹ̀ léèrè oríkì ọmọ náà ní ọjọ́ kìíní, yóò dára púpọ̀. Ọmọ tí a bá pè ní Àjọkẹ́ tàbí Àkànní ní ibi tí kò retí yóò mọ̀ pé òkìkí òun ti ṣáájú òun dé ibẹ̀. Kí olùkọ́ sì bẹ òbí kí ó má ṣe yọ́ sá mọ́ ọmọ lójú. Ọ̀pọ̀ òbí ní í wí pé, "Mo ń bọ̀ nísinsìnyí," tí wọn kì í sì í padà títí di ọ̀sán. Irọ́ yìí ń dá ẹkún dúró ní òní, ó sì ń bí ẹkún méjì ní ọ̀la. Ó sàn kí ìyá wí pé, "Mo ń lọ sí oko, bí o bá ti jẹun ọ̀sán tán, ẹ̀gbọ́n rẹ yóò wá mú ọ," kí ó sì rí bẹ́ẹ̀.

Ìkejì, kí a bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní èdè tí ó fi mu ọmú. Ìlànà ìjọba ti 1977 pàápàá wí pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí a fi kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì tayọ wọn nínú ọ̀pọ̀ nǹkan. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́ nípa ọmọ ọdún mẹ́wàá, mélòómélòó ni ti ọmọ ọdún mẹ́ta! Ọmọ tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, tí kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ àfi ní Gẹ̀ẹ́sì, yóò tọ̀ sára. Wọn á fi í ṣẹ̀sín, yóò sì kórìíra ilé-ìwé. Nínú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ọmọ kọ́ ni ó jẹ̀bi.

Ìkẹta, kí a kọ́ ọmọ ní orúkọ ohun tí ó ń ṣe é. Èdè wa ṣe wá ní oore kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. A kì í wí pé ọmọ ni ẹ̀rù. À ń wí pé ẹ̀rù ń bà á. A ní inú ń bí i, ojú ń tì í, àárò ilé ń sọ ọ́. Gbogbo wọn dà bí àlejò tí ó wá bá ènìyàn, tí yóò sì tún lọ. Nígbà tí ọmọ bá ju páànù oúnjẹ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí olùkọ́ wí pé, "Inú ń bí ọ nítorí wọ́n gba ìṣeré rẹ. Wá, jẹ́ kí a jọ bèèrè rẹ̀." Ọmọ tí ó bá mọ orúkọ ìbínú rẹ̀ yóò lè fi ẹnu sọ ohun tí ó ń fi ọwọ́ ṣe tẹ́lẹ̀.

Ìkẹrin, eré àti àlọ́. Ẹ má jẹ́ kí a ka bojúbojú àti ẹkùn-mẹ́ran sí ìranù. Nínú bojúbojú, ọmọ ń kọ́ pé ẹni tí a kò rí kò sọnù, yóò tún yọjú. Ohun náà gan-an ni ó ń fẹ́ mọ̀ nípa ìyá rẹ̀ tí ó lọ sí oko. Nínú ẹkùn-mẹ́ran, ó ń bá ẹ̀rù ṣeré, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì di ọwọ́ ara wọn mú yí i ká. Àlọ́ ìjàpá náà ń jẹ́ kí ó rí ojúkòkòrò, ìtìjú àti ìdáríjì, láìsí pé a tọ́ka sí òun fúnra rẹ̀.

Ìkarùn-ún, ọ̀rọ̀ pàṣán. Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì ti fi òwe yìí gba àṣẹ láti na ọmọ ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n wí pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi òsì fà á mọ́ra. A ti di ọwọ́ ọ̀tún mú ṣinṣin, a sì ti gbàgbé òsì. Àwa sì wí pé fún ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́fà, òsì náà nìkan tó. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 wí pé a kò gbọ́dọ̀ pa ọmọ lára tàbí lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ hùwà àbùkù sí i. Ẹ̀sín náà sì wà nínú ohun tí ń pa ọkàn lára. Olùkọ́ tí kò ní na ọmọ, ṣùgbọ́n tí ó ń pè é ní olódo níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, kò tíì gbé pàṣán sílẹ̀.

Ìkẹfà, kí olùkọ́ mọ àmì ìpọ́njú tí ó ju ti àárò lọ. Bí ọmọ tí kò tọ̀ sílé mọ́ bá tún bẹ̀rẹ̀, bí ó bá kọ oúnjẹ lọ́pọ̀ ọjọ́, bí ó bá ń fò láyà nígbà tí àgbàlagbà bá gbé ọwọ́ sókè, tàbí bí a bá rí àpá ní ara rẹ̀, kí olùkọ́ má ṣe dákẹ́. Kí ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá òbí sọ̀rọ̀; bí ó bá sì jọ pé inú ilé gan-an ni ewu wà, kí ó kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé. Ó lè jẹ́ pé a bí àbúrò rẹ̀, tàbí pé ẹnìkan kú nínú ilé tí wọn kò sì sọ fún ọmọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Olùkọ́ ni àgbà ọjà yìí.

V. Àwọn tí yóò takò wá

Àwọn kan yóò wí pé ẹ̀kọ́ yìí yóò sọ ọmọ di àkẹ́bàjẹ́. A dá wọn lóhùn pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ọmọ ń fẹ́ ni a ní kí a fún un. Aago tó láti wọlé, ó ti tó. Ìṣeré ẹlòmíràn kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tí a wí ni pé kí a gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ní 1972, Ainsworth àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Silvia Bell kọ̀wé nípa àwọn ọmọ-ọwọ́ 26 ní Amẹ́ríkà: àwọn tí ìyá wọn tètè ń dá ẹkún wọn lóhùn ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ ni ẹkún wọn dínkù jù nígbà tí ọdún kan ń pé. Ọmọ-ọwọ́ ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tó láti mú wa ronú kí a tó wí pé ìdáhùn ní ń sọ ọmọ di ẹlẹ́kún.

Àwọn ẹlòmíràn, tí ọ̀rọ̀ tiwọn le jù, ni àwọn òbí. Wọ́n ta láfún, wọ́n ta àgbàdo, wọ́n fi owó náà ra ìwé àti aṣọ ilé-ìwé. Bí ọmọ bá dé, wọ́n á ṣí ìwé rẹ̀ wò. Bí wọn kò bá rí ohun tí a kọ, wọ́n á ní eré ni olùkọ́ ń fi owó àwọn ṣe. A kò gbọdọ̀ fi wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí ìfẹ́ ni ó mú wọn bèèrè. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n wọ inú kíláàsì kí wọ́n jókòó wo ohun tí ń lọ. Kí a fi hàn wọ́n pé ọmọ tí ó ń ka òkúta nínú eré ń kọ́ ìṣirò, àti pé ọmọ tí ó lè dúró pa àlọ́ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní wárìrì níwájú ìwé.

A kò sì ní fi òtítọ́ pamọ́ fún ara wa. Ìlànà ní kí olùkọ́ kan má ṣe gbà ju ọmọ 25 lọ ní irú kíláàsì yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa yóò bá iye tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ pàdé, ní inú iyàrá kan tí kò ní ẹní. Àárẹ̀ yóò mú wa, ohùn wa yóò há, sùúrù wa yóò sì fẹ́ tán. Nígbà náà ni kí a rántí orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìrẹsà wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò lè gbé gbogbo ọmọ lé ẹsẹ̀ lè pe gbogbo wọn ní orúkọ. Ẹni tí kò lè dá gbogbo ẹkún dúró lè má fi ẹkún kankan ṣe yẹ̀yẹ́.

Ilé ti sinmi láti ọjọ́ tí a ti mú ọmọ dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ọkàn ọmọ náà bá sinmi, nígbà náà ni ìwé yóò rí ibi jókòó sí nínú rẹ̀.

Ìbéèrè fún àṣàrò nínú ẹgbẹ́ wa:

1. Báwo ni olùkọ́ ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàrin ọmọ tí ara rẹ̀ balẹ̀ àti ọmọ tí ó dákẹ́ nítorí ẹ̀rù?

2. Èwo nínú àwọn eré ìlú tiyín ni ó lè kọ́ ọmọ ní ìgboyà, báwo sì ni?

3. Bí ìyá kan bá wí fún yín pé kí ẹ na ọmọ òun kí ó lè gbọ́n, kí ni ẹ ó fi ọ̀wọ̀ wí fún un?